Ọkùnrin Tí Kò Fẹ́ Kí Rédíò Ọkọ̀ Rẹ̀ Gbàgbé

Ọkùnrin kan wà ní etí ọ̀sà, awakọ̀ ojú omi ni, ó sì fẹ́ràn orin ju oúnjẹ lọ. Ọkọ̀ onífáíbà ni ọkọ̀ rẹ̀, ó gùn, ó mọ́ tónítóní, àwọ̀ búlúù ló kùn ún. Ẹ́ńjìnì ńlá ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fa okùn fún kó tó dáhùn. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń yí sí i bíi ti mọ́tò, bátìrì kan ṣoṣo tó wà lábẹ́ ìjókòó ló sì ń jí i.

Oríyọmí, má wo ojú fèrèsé. Mo mọ̀ pé ìmọ̀ràn lo wá gbà lọ́wọ́ mi, o ò wá gbọ́ ìtàn ọkọ̀. Ìmọ̀ràn náà ń bọ̀. Arúgbó ni mí, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyí, ìwọ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí o tó wá kan ilẹ̀kùn mi.

Ọkùnrin yìí ra rédíò tuntun. Èyí tó dára gan-an ni, tó ń gba orin láti inú fóònù, tí aago rẹ̀ sì ń tàn níwájú. Ó tún ra àpótí kan mọ́ ọn tó máa ń jẹ́ kí ohùn orin wúwo, tí èèyàn á fi máa gbọ́ ọ nínú àyà. Ó wá pe ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, tí gbogbo èbúté ń pè ní Ríwáyà, pé kó wá bá òun so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ríwáyà ṣàlàyé fún un pé wáyà méjì ló ń gbé iná wọ inú irú rédíò bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan pupa, ìgbà tí èèyàn bá yí kọ́kọ́rọ́ nìkan ni iná ń gba inú rẹ̀. Èkejì yẹ́lò, ìyẹn kì í sinmi, tọ̀sán-tòru ni iná ń gba inú rẹ̀ lọ, torí òun ni rédíò fi ń rántí nǹkan. Òun ló fi ń mọ aago tó lù. Òun ló fi ń mọ ilé-iṣẹ́ rédíò tí o yàn, ibi tí orin dé lánàá, àti bí o ṣe fẹ́ kó pariwo tó. Ríwáyà ní nínú mọ́tò tó ń jáde lójoojúmọ́, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi lè wà lójú kan fún ọjọ́ pípẹ́, rédíò á sì máa fa bátìrì díẹ̀díẹ̀ láìsẹ́ni tó mọ̀. Ó ní kí àwọn fi súwíìṣì kékeré kan sójú wáyà yẹ́lò, kí wọ́n so wáyà àpótí náà mọ́ ọn, kí ọkùnrin náà máa pa á bó bá ti ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Ọkùnrin náà bi í pé bí òun bá pa á, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn nǹkan tí rédíò ń rántí. Ríwáyà ní á gbàgbé gbogbo rẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, èèyàn á tún aago rẹ̀ tò, á sì tún wá àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin náà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò lè máa kọ́ rédíò ní ABD ní gbogbo òwúrọ̀ ayé òun. Ó ní ohun tí òun tìtorí rẹ̀ rà á ni pé kí òun yí kọ́kọ́rọ́, kí orin sì bẹ̀rẹ̀ níbi tó dákẹ́ sí lánàá, kí àwọn èrò mọ̀ pé ọkọ̀ gidi làwọn wọ̀. Ríwáyà tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó rí i pé ojú oníbàárà òun ti ń le, ó so ó bí wọ́n ṣe ní kó so ó, ó kó irin-iṣẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kí ni kó tún ṣe? Ọkọ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Orin náà dùn, mi ò ní parọ́. Mo wọ ọkọ̀ yẹn rí. O mọ bí mo ṣe ń bẹ̀rù omi tó, tí mo máa ń di pákó mú títí a ó fi dé. Lọ́jọ́ yẹn, a ti gúnlẹ̀ kí n tó rántí pé ẹ̀rù yẹ kó bà mí. Inú ọkùnrin náà ń dùn ṣìnkìn, ó ń mi orí sí orin náà níbi ìdarí ọkọ̀ bí ọkọ ìyàwó.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí i pé bí òun bá sinmi lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ́ńjìnì kì í tètè dáhùn láàárọ̀ Mọ́ńdè. Á kọ́kọ́ kérora díẹ̀ kó tó jí. Ó ní bátìrì ayé òde òní ni, wọn ò ṣe é dáadáa mọ́. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Tuntun náà tún ń kérora. Ìyàwó rẹ̀, tó ń yan ẹja létí èbúté, rán an létí ohun tí Ríwáyà wí. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ tọ́ka sí rédíò, ó ní kó wò ó dáadáa, ó ti ṣú dùdù, kò dún, kò tàn, kí ni nǹkan tó ti sùn tún lè máa jẹ? Obìnrin náà padà sídìí ẹja rẹ̀. Kì í kúkú ṣe pé ọkùnrin náà ya òmùgọ̀. Nǹkan tó bá dákẹ́, ta ló máa ń fura sí i?

Àṣà kan wá wà ní ìlú náà. Bí baálẹ̀ wọn bá kú, wọ́n á ta màrìwò sẹ́nu èbúté láti òpó dé òpó, ọkọ̀ kankan ò sì ní jáde títí wọn ó fi tú u. Wọn ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì rárá láàárín ìgbà yẹn, ọ̀wọ̀ òkú ni. Ó wá bọ́ sí i pé lójijì ni baálẹ̀ ọ̀hún kú, nígbà tó ku díẹ̀ kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àṣejáde, òdìkejì ọ̀sà ni wọ́n sì ti ń ṣe ìdánwò náà. Àwọn àgbà ìlú jókòó, wọ́n rò ó lọ, wọ́n rò ó bọ̀. Wọ́n ní baálẹ̀ fúnra rẹ̀, tó bá wà láyé, kò ní gbà kí ikú òun dí àwọn ọmọ lọ́nà. Wọ́n gé ọjọ́ ọ̀fọ̀ kù, wọ́n ní kí wọ́n tú màrìwò láàárọ̀ ọjọ́ tí ìdánwò máa bẹ̀rẹ̀. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí ní ìlú yẹn.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ojú omi fi dá. Ọkọ̀ búlúù náà wà níbi tí wọ́n so ó mọ́. Ọkùnrin náà ń lọ síbẹ̀, ó ń nù ún, ó ń gbọ́n omi òjò inú rẹ̀ dà nù. Kò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Rédíò wà níbẹ̀, ó ń sùn, ó sì ń rántí.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí bí, ọmọ náà sì wà lára àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Ó ti ṣe é lọ́dún tó ṣáájú, ó yege nínú gbogbo rẹ̀ àyàfi ìṣirò. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ti ní àwọn á gbà á, wọ́n fi àyè sílẹ̀ dè é, bó bá ṣáà ti rí ìṣirò mú lọ́dún yìí. Ìṣirò ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọmọ yìí ti kàwé títí ojú rẹ̀ fi wọnú.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n tú màrìwò. Wọ́n ṣètò ọkọ̀ kan láti kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kọjá, ìyá ọmọ náà sì ní kó bá wọn lọ. Bàbá ní rárá. Ó ní ọmọ òun ò ní fún pọ̀ mọ́ èèyàn nínú ọkọ̀ ẹlòmíì lọ́jọ́ bí òní. Kó rọra jẹun, kó fara balẹ̀, ọkọ̀ òun yára ju tiwọn lọ, àwọn á tún bá wọn lójú omi, àwọn á sì yà wọ́n sílẹ̀. Ó tilẹ̀ ti yan orin tí ọmọ náà máa gbọ́ lọ. Ìfẹ́ ni, ó sì fi ìgbéraga díẹ̀ sí i, bí àwa òbí ṣe máa ń ṣe.

Àwọn apẹja àti àwọn awakọ̀ yòókù náà ti jáde. Ìgbàgbọ́ wọn níbẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú màrìwò, ẹni tó bá ti kúrò lébùúté kò gbọ́dọ̀ yí ọkọ̀ padà kí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tó parí. Wọ́n ní ẹni tó bá padà lójú ọ̀nà, ó ti lé ẹja ọdún náà padà fún gbogbo ìlú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bá a, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí bàbá àti ọmọ dé èbúté, ọkọ̀ tiwọn nìkan ló kù níbẹ̀, àti ọkọ̀ onígi kékeré tí ìyàwó rẹ̀ fi ń lọ ra ẹja.

Bàbá jókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́. Rédíò jí lójú ẹsẹ̀. Iná rẹ̀ tàn yòò. Aago rẹ̀ pé, kò fi ìṣẹ́jú kan ṣìnà. Orin sì bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti dá a dúró kí baálẹ̀ tó kú. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yí kọ́kọ́rọ́ síwájú sí i. Ẹ́ńjìnì ṣe kẹ́. Ó tún un yí. Kẹ́. Ìwọ̀nba agbára tó kù nínú bátìrì tó fi kọrin, kò tó fi jí ẹ́ńjìnì.

Ó ń yí i, orin ń lọ. Ọmọ náà jókòó níwájú ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ kí omi má bàa kàn án. Ó wo aago orí rédíò. Ó wo bàbá rẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́.

“Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa orin yẹn.”

Ọkùnrin náà pa á. Okùn pàjáwìrì wà lára ẹ́ńjìnì náà lóòótọ́. Ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó wé okùn, ó fà á títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Ẹ́ńjìnì ńlá ni, kò fún un lésì. Ìyàwó rẹ̀ ò bá a wí o. Ó fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, ó tú ọkọ̀ onígi rẹ̀, ó kó àjẹ̀ méjì sínú rẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀ pé kó bọ́ sí i. Òun àti ọkọ rẹ̀ wa ọkọ̀ náà kọjá. Afẹ́fẹ́ kọjú sí wọn. Àjẹ̀ ń bọ omi, ọmọ náà sì ń ka ìṣirò rẹ̀ sórí lábẹ́ èémí.

Wọ́n dé, ṣùgbọ́n ìdánwò ti lọ jìnnà. Àwọn tó ń bójú tó o ní òfin ò gba àwọn láyè láti jẹ́ kó wọlé mọ́. Wọn ò ṣìkà. Wọ́n káàánú rẹ̀, wọ́n bu omi fún un mu, wọ́n wá àga fún un lábẹ́ igi. Ibẹ̀ ló jókòó sí tí ó ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ojú fèrèsé, tí wọ́n tẹrí ba, tí wọ́n ń kọ ohun tí òun náà mọ̀.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, bàbá sunkún nínú ọkọ̀ onígi yẹn. Àgbàlagbà, lójú ìyàwó àti ọmọ. Ó ń bẹ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ò bínú. Ohun tó sọ ò ju báyìí lọ: “Bàbá mi, ẹ ò fẹ́ ibi fún mi. Ẹ kàn fẹ́ kí rédíò má gbàgbé nǹkan kan ni.”

Mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju kí ọmọ náà bú u lọ.

Ó lọ bá Ríwáyà. Ríwáyà ò sọ pé ṣebí mo wí fún ọ, ó kàn wá, ó gé wáyà yẹ́lò, ó fi súwíìṣì sí i. Iṣẹ́ náà ò pẹ́ rárá. Láti ọjọ́ náà, bí ọkùnrin yẹn bá ti so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á pa súwíìṣì. Rédíò á gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀. Láàárọ̀, á jókòó tì í, á tún aago rẹ̀ tò, á wá ilé-iṣẹ́ rédíò fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé tíṣà ti dé, ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ dákẹ́ kó gbọ́rọ̀. Á bá wọn rẹ́rìn-ín, á sì máa tò ó lọ. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ò kérora mọ́. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ti fi àyè ọmọ rẹ̀ fún ẹlòmíì, ọmọ náà sì padà sídìí ìwé láti dúró de ọdún mìíràn.

Ó dáa. Wàyí o, Oríyọmí, ìwọ ni mò ń bá wí.

Ìyàwó rẹ kú, àbúrò rẹ ò sì wá síbi ìsìnkú rẹ̀. Kò dáa. Mi ò ní kí o sọ pé ó dáa, bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí o sọ bẹ́ẹ̀, rán an sí mi. O ní o ti dárí jì í. Mo gbà ọ́ gbọ́. O ò bú u, o ò ṣẹ́ èpè fún un, ẹ ń kíra yín nínú ìjọ. Bí èèyàn bá wò ọ́ lóde, ọ̀rọ̀ náà ti kú.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí o ti jókòó síbí, o ti sọ àwọ̀ aṣọ tó wọ̀ fún mi lọ́jọ́ tó padà wá kí ọ. O sọ orí àga tó jókòó lé. O sọ oúnjẹ tó jẹ, o sọ èyí tó ṣẹ́kù sínú àwo. O sọ àwáwí tó wí, bó ṣe wí i, àti bó ṣe ń yọjú wo fóònù rẹ̀ lẹ́nu àwáwí náà. Ọdún ti gorí ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí, o ò ṣi ẹyọ kan sọ. Ta ló ń bá ọ tọ́jú gbogbo ìyẹn? Kí lo fi ń bọ́ ọ?

Ọmọ àbúrò rẹ ń ṣe ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé. Òun fúnra rẹ̀ ló wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ, ó ní ìwọ ẹ̀gbọ́n bàbá òun ni kó gbàdúrà fún òun kí òun tó jáde nílé. O wá sọ fún mi pé o fẹ́ lọ, inú rẹ ò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ ọ́. O ní o ò mọ ohun tó ń ṣe ọ́, bí o bá ti rò ó, ṣe ni gbogbo okun á tán nínú rẹ. O ní kí n gbàdúrà kí ara rẹ le. Ara rẹ le, Oríyọmí. Mo rí ọ lójú fèrèsé yìí kan náà nígbà tí ò ń gbé àwọn àga ìjọ kọjá láàárọ̀. Kò sí ohun tó ń ṣe ara rẹ. Ìrántí ló ń fà ọ́ lágbára, tọ̀sán-tòru, tí o sì ń sọ fún gbogbo wa pé ó ti sùn.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. O ti sọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. O ní bí ìwọ náà bá gbàgbé, ta ló máa rántí ìyàwó rẹ? Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi. Láti ìgbà tí o ti ń sọ̀rọ̀, o ò sọ ohun kan tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín fún mi. O ò sọ bó ṣe ń pè ọ́. O ò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Àbúrò rẹ lo dárúkọ. Kì í ṣe ìyàwó rẹ lò ń rántí, Oríyọmí. Àbúrò rẹ lò ń rántí.

Má fi ọwọ́ nu ojú, jẹ́ kó wá.

Nígbà tí o bá sunkún tán, dìde, kí o gba ilé àbúrò rẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Má bá a ro ẹjọ́ kankan. Jókòó, jẹ ohun tí wọ́n bá gbé wá, sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ fún wọn, èyí tó dùn nínú rẹ̀. Ìbínú náà á tún jí láàárọ̀ ọ̀la, má jẹ́ kí n tàn ọ́. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí o tún pa á bí ọkùnrin yẹn ṣe ń pa súwíìṣì, bẹ́ẹ̀ ni kí o máa ṣe é lójoojúmọ́. Ó lè sú ọ, ṣùgbọ́n kò ní rẹ̀ ọ́ bí èyí tí ò ń ṣe yìí. Ọmọ yẹn ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ìsìnkú tí bàbá rẹ̀ ò wá, kò mọ ìdí rẹ̀, kò ṣẹ̀ ọ́. Á kúnlẹ̀ níwájú rẹ lọ́jọ́ Sátidé, á sì máa retí ọwọ́ rẹ lórí.